Àkọ̀ ìbọn abẹ́ aṣọ tí kì í gún ni: ohun tí ojú wa ti rí lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó

Oníṣẹ́ awọ, Mushin

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àkọ̀ ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń fi sábẹ́ aṣọ ni kí a jọ gbé yẹ̀wò, kí oníkálukú mú ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ti fi hàn án wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́: Òfin Ohun Ìjà ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èèwọ̀ fún ará ìlú ní Nàìjíríà, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún níwèé àṣẹ. Àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ ní mọ́fútì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba tó ń tẹ̀lé ènìyàn ńlá, àti àwa tí à ń rán nǹkan fún wọn.

Bẹ́líìtì ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á dé, á ní àkọ̀ ń fa òun nísàlẹ̀, ó ń gún òun lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń bó òun ní ìbàdí. Kí ẹ tó wo àkọ̀, ẹ wo bẹ́líìtì tó so ó mọ́. Ìbọn Glock 19 tí ọta 15 kún inú rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 850. Beretta 92 tí kò tíì ní ọta kankan nínú ti tó gíráàmù 950. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi páálí sáàárín awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìdí ìbọn, ibi tí ọwọ́ ń dì mú, á ya kúrò lára, á máa ti aṣọ jáde. Oníbàárà á wá fún bẹ́líìtì mọ́ra sí i kí ó má baà hàn. Fífún yẹn gan-an ló ń dá a lóró. Àkọ̀ kò mọ̀ ọ́n rárá.

Bẹ́líìtì tó tọ́ fẹ̀ tó íǹṣì kan ààbọ̀, ìyẹn mìlímítà 38. Awọ màlúù méjì ni a lẹ̀ pọ̀ tí a sì rán yí ká, kí ìnípọn rẹ̀ súnmọ́ mìlímítà 5. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí àárín ọwọ́ tó sẹ̀ntímítà 20, kí ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ tí wọ́n fọ̀. Bí ó bá lọ́ wẹ́rẹ́, kì í ṣe ti ìbọn. Ihò rẹ̀ náà, ẹ má fi íǹṣì kan sáàárín wọn. Sẹ̀ntímítà méjì ti tó, torí ikùn àárọ̀ kọ́ ni ikùn ẹni tó ti jẹ ẹ̀bà ọ̀sán. Kí ẹnu kílíìpù, ìkọ́ tó ń so àkọ̀ mọ́ bẹ́líìtì, sì bá ìbú bẹ́líìtì mu: kílíìpù 38 lórí bẹ́líìtì 32 á máa mì bí eyín tó fẹ́ yọ.

Ẹ̀ṣọ́ mọ́fútì, Ìkòyí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ibi tí à ń so ó mọ́ lé e. Ara la máa ń fi ṣe aago: ìdodo ni aago 12, egungun ẹ̀yìn ni aago 6, ìbàdí ọ̀tún ni aago 3. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, ibi mẹ́ta ló sábà máa ń yàn: aago 1 níwájú, aago 3 ní ìbàdí, tàbí aago 4 lẹ́yìn ìbàdí.

Ohun tí àwọn tó ń ra àkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í rò ni pé ìjókòó pọ̀ nínú iṣẹ́ wa ju ìdúró lọ. Afárá Third Mainland nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjọ́ Ajé sì lè sọ ìrìn Ìkòyí sí Ìkejà di wákàtí méjì gbáko lórí àga ọkọ̀. Apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí nílẹ̀ wa, nítorí náà ìbàdí ọ̀tún rẹ̀ ni irin ìdè bẹ́líìtì ọkọ̀ wà. Awakọ̀ tó bá gbé ìbọn sí aago 3 tàbí 4, irin ìdè yẹn á máa forí gbárí pẹ̀lú ìdí ìbọn. Tó bá fẹ́ tú bẹ́líìtì ọkọ̀, àkọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ bá. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú kò ní ìṣòro yìí, apá òsì ni ìdè tirẹ̀ wà. Torí náà ẹ bi ara yín pé, ta ló ń wa ọkọ̀? Ìdáhùn yẹn ló yẹ kó yan àkọ̀ ju ohunkóhun lọ.

Aago 1 dára fún awakọ̀, ọwọ́ tètè ń dé ibẹ̀. Àmọ́ bí ènìyàn bá jókòó, ikùn á tẹ̀ ẹ́ lókè, itan á tì í nísàlẹ̀. Bí orí ìbọn bá ń gún egungun ìhà nígbà tí ẹ bá tẹ̀ síwájú, ẹ sọ àkọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ìdajì íǹṣì péré. Bí ẹnu ìbọn ló bá ń gún orí itan, ẹ gbé e sókè níye kan náà, tàbí kí ẹ fi ìrọ̀rí sí i, èyí tí ọ̀gá tó ń fi ike ṣe é á ṣàlàyé. Ní aago 4, kí àkọ̀ tẹ̀ síwájú bíi dìgírì 15, kí ìdí ìbọn má baà tọ́ka sẹ́yìn bí ìrù lábẹ́ aṣọ. Ní aago 1, kó dúró gbọnrangandan.

Aago 6, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó bá ṣubú sẹ́yìn, irin ni á lu egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ti ọrùn ẹsẹ̀ wà fún ìbọn kékeré tí kò wúwo, ó sì ń pẹ́ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Ti abẹ́ apá, àfi ẹni tó ń wọ kóòtù lójoojúmọ́.

Télọ̀, Ìta Fájì

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ yín wàyí, torí àkọ̀ tó dáa jù láyé, bí aṣọ kò bá gbà á, asán ni.

Ṣòkòtò ìbílẹ̀ olókùn ni ìṣòro àkọ́kọ́. Okùn kò lè gbé àkọ̀ dúró, ìbọn á máa wọ́ ṣòkòtò sílẹ̀. Èyí tó burú ju ìyẹn ni pé etí okùn náà lè kó sẹ́nu àkọ̀. Ẹ ní kí télọ̀ rán ìbàdí rẹ̀ bíi ti ṣòkòtò òyìnbó, kó fi gọ́ọ̀mù sítéè líle ìpele méjì sínú rẹ̀, kó fi lúùpù méje sí i, kí gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mìlímítà 45 kí bẹ́líìtì lè kọjá láìháámọ́. Kí oníbàárà fi ìka han télọ̀ ibi tí kílíìpù máa wà, kí lúùpù kan wà ní apá ọ̀tún rẹ̀, kí òmíràn wà ní apá òsì. Lúùpù tó bá bọ́ sábẹ́ kílíìpù kò ní jẹ́ kí àkọ̀ jókòó, á máa ṣẹ́rí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí inú ṣòkòtò ni àkọ̀ máa wọ̀, ẹ fi íǹṣì méjì kún iye tí tépù bá wọ̀n ní ìbàdí. Àkọ̀ òfìfo ni kí oníbàárà gbé wá lọ́jọ́ wíwọ̀n. Kò sí ohun tí ìbọn ń wá ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ wa kì í ṣe ọmọ ogun.

Ẹ̀là ẹ̀gbẹ́ kàftáànì ni ibi kejì tí àṣírí ti ń tú. Bí télọ̀ bá là á títí dé ìbàdí bó ṣe wà nínú sítáì òde òní, afẹ́fẹ́ Marina kan ṣoṣo ló máa ṣí i. Kí ẹ̀là náà bẹ̀rẹ̀ ní bíi sẹ̀ntímítà 10 sísàlẹ̀ bẹ́líìtì, kí gígùn bùbá sì kọjá bẹ́líìtì ní sẹ̀ntímítà 20 ó kéré tán. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú dígí: etí bùbá á gòkè, kò sì gbọdọ̀ dé ibi àkọ̀.

Ní ti irú aṣọ, Àńkárá onídárà ń dàrú mọ́ ojú, ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ dáadáa. Gìní tí wọ́n fi sítáàṣì sí dára jù lójú tèmi, torí ó ń dá dúró kúrò lára, kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Léèsì onílíhò kò yẹ rárá, àfi kí ẹ fi láínìn sí i. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Agbádá ń kọ́? Ó ń bò ó, títí ẹni tó wọ̀ ọ́ á fi ká apá rẹ̀ lé èjìká. Bùbá abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìdánwò kan wà tí kò sí nínú ìwé àwọn òyìnbó: ẹ dọ̀bálẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni wá, ẹ̀ṣọ́ náà á bá àgbà pàdé lóde ìnáwó. Bí ó bá ti tẹ̀, aṣọ ẹ̀yìn á nà, ìdí ìbọn tó wà ní aago 4 á yọ bí egungun. Ti aago 1 kì í hàn, ikùn ló ń tẹ̀. Ẹni tó ń kírun náà, kó fi rúkúù àti sùjúdù dán an wò kó tó jáde nílé.

Obìnrin ẹ̀ṣọ́, Súrùlérè

Gbogbo ohun tí ẹ ti sọ, ara ọkùnrin lẹ ń wò. Ìbàdí tiwa yọ síta, ìgbáròkó sì wà lókè ju tiyín lọ. Àkọ̀ tó dúró ṣánṣán lára ọkùnrin, lára obìnrin ẹnu ìbọn á tì síta, ìdí rẹ̀ á wá tẹ̀ wọ inú ìhà. Kí ẹni tó ń rán an ya kílíìpù sọ́tọ̀ kúrò lára àkọ̀, kó wálẹ̀ ní íǹṣì kan tàbí kó lè yí díẹ̀, kí àkọ̀ lè tẹ̀lé ara. Aago 1 sábà máa ń rọrùn fún wa ju aago 3 lọ.

Ìró kò lè gbé ìbọn, ẹ má tan ara yín. Abẹ́ ìró àti bùbá, ọ̀já rọ́bà tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 10, tí a ń fi fẹ́lúkúróò so, lórí síńgílẹ́ẹ̀tì, ni ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ rọ́bà nìkan kò bo tírígà, ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún. Ẹ rán àkọ̀ ike kékeré mọ́ inú rẹ̀ kó le gbọingbọin níbẹ̀. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni ara lè gbà á, lẹ́yìn ìyẹn ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í mú ara yún.

Ní ti báàgì: kí àpò ìbọn dá dúró nínú rẹ̀, kí sípì rẹ̀ yàtọ̀, kí àkọ̀ líle wà nínú àpò yẹn, kí kọ́kọ́rọ́ tàbí bírò má ṣe dé ibẹ̀ láé. Kí okùn báàgì kọjá àyà, kì í ṣe èjìká kan ṣoṣo. Báàgì tí ẹ bá lè gbàgbé sórí àga, ẹ má fi ìbọn sí i.

Oníṣẹ́ awọ, Mushin

Àǹtí, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ kílíìpù yẹn wọlé. Wàyí o, awọ fúnra rẹ̀.

Awọ tó yẹ ni èyí tí wọ́n rẹ sínú omi èso igi, bí àwọn ará Kánò ti ń fi èso bàgàrúwà ṣe é láti ayébáyé. Irú èyí ni omi lè sọ di rírọ̀, tí yóò gba àwòrán ìbọn, tí yóò sì le padà tó bá gbẹ. Awọ krómù, èyí tó wọ́pọ̀ fún bàtà àti báàgì, kì í gba àwòrán. Rírọ̀ ni yóò máa rọ̀ títí. Iyọ̀ tí wọ́n fi ṣe é sì lè jẹ irin. Ẹ gé etí rẹ̀ wò: bí inú rẹ̀ bá dà bí eérú tàbí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, krómù ni. Awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó dára, àmọ́ ó fẹ́lẹ́, ìtẹ́nú nìkan ló wà fún. Ara àkọ̀ ń fẹ́ awọ màlúù tó nípọn tó mìlímítà 3. Ìnáwó tó wà nínú iṣẹ́ yìí kò kéré, torí ẹ kò lè máa bá ìkòkò ọbẹ̀ du awọ màlúù nílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ti ń jẹ pọ̀nmọ́.

Ìbọn igi ni kí ẹ fi ṣe àwòṣe. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ẹ sí ìwọ̀n gan-an, kó tún fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí gbogbo ọ̀nà tí ojú ìbọn, irin kékeré orí rẹ̀ tí à ń fi wo ibi tí à ń yìn ín sí, máa ń gbà wọlé, kí ojú ìbọn tòótọ́ má baà máa ha awọ. Ẹ gé awọ, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ fi ìlu lu ihò, mìlímítà 5 sí ara wọn, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ méjì rán an láti apá méjèèjì pẹ̀lú òwú ọ̀rá tí a fi ìda pa. Rírán abẹ́rẹ́ méjì yìí, bí okùn kan bá já, èkejì ṣì ń di ibẹ̀ mú. Ti ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ máa wò ó: omi á máa hó ṣọ́ṣọ́ṣọ́ jáde lára awọ. Bí híhó yẹn bá ti dáwọ́ dúró, ẹ yọ ọ́. Ẹ dúró kí àwọ̀ òde rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò, ẹ fi ọ̀rá wé ìbọn igi, ẹ kì í bọ inú rẹ̀. Àtàǹpàkò ni kí ẹ kọ́kọ́ fi tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá fi eegun dídán fa ilà yí irin tó yí tírígà ká, kí ó yọ kedere. Ibẹ̀ ni àkọ̀ ti ń di ìbọn mú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọ inú ibi tí tírígà fúnra rẹ̀ wà. Abẹ́ òjìji ni kí ó ti gbẹ, wákàtí 24 nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nígbà òjò. Ẹni tó bá gbé e sóòrùn torí pé oníbàárà ń pè é lórí fóònù, awọ á sún kì, á sì sán.

Etí awọ ló sábà máa ń gún ènìyàn lára, kì í ṣe ìbọn. Ẹ fi ọ̀bẹ rẹ́ igun rẹ̀, ẹ fi omi àti aṣọ gbá a títí á fi dán, ẹ fi ìda oyin pa á. Ẹ fi awọ kan sókè láàárín ìbọn àti ara, kó ga tó ẹ̀yìn ìbọn: ó ń gba òógùn, kì í jẹ́ kí irin tutù lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ẹnu àkọ̀ sì ń fẹ́ ìpele kejì kó lè máa là sílẹ̀ nígbà tí ìbọn kò sí nínú rẹ̀. Bí àkọ̀ tuntun bá há jù, ẹ fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wé ìbọn tí kò ní ọta, ẹ fi sínú rẹ̀ di òwúrọ̀. Ẹ má fi àdí tàbí òróró pa á o. Á rọ̀ lóòótọ́, kò sì ní le mọ́.

Oníke, Ìkejà

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Èmi ń fi Kydex ṣe tèmi, ìsọ̀rí ike líle ni, pátákó rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 2. Nínú ààrò bíi 165 °C ló ń rọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ó ti gbóná jù, ẹ jù ú nù. Àǹfààní rẹ̀ nípínlẹ̀ Èkó ni pé òógùn kì í wọ inú rẹ̀, ẹ lè fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í tẹ̀lé ara bí awọ: ibi tó bá ti ń gún yín lónìí ló máa gún yín lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ má sì fi sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó wà lóòrùn, ó lè ká.

Ohun méjì ló ń sọ ọ́ di ohun tó rọrùn. Èkíní ni ìyẹ́: ike kékeré tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tírígà, tó ń fẹ̀yìn ti inú bẹ́líìtì, tó wá ń yí ìdí ìbọn padà sára. Ẹni tó bá ń gbé e sí aago 1 láìní ìyẹ́, ìdí ìbọn á máa yọ lábẹ́ aṣọ. Èkejì ni ìrọ̀rí, fọ́ọ̀mù tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àkọ̀ nísàlẹ̀, lápá ara. Ó ń ti ẹnu ìbọn kúrò lára, orí rẹ̀ á wá tẹ̀ wọlé. Ìsàlẹ̀ sílípáàsì àtijọ́ tó nípọn tó sẹ̀ntímítà kan sí ọ̀kan ààbọ̀ ń ṣe é dáadáa. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e kó fẹ́lẹ́ lókè, kó nípọn nísàlẹ̀, kí ẹ yí igun rẹ̀ kó rí róbótó.

Síkúrù ni ọ̀tá wa. Ìrìn àti jìgìjìgì ọkọ̀ ń tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ẹ̀kán gọ́ọ̀mù síkúrù aláwọ̀ búlúù kan sí i, kí ẹ wá fi bírò funfun fa ilà láti orí síkúrù bọ́ sára ike. Bí ilà náà kò bá ṣe déédéé mọ́, síkúrù ti yí. Tí ẹ bá ń yí síkúrù kí àkọ̀ lè fún mọ́ ìbọn tàbí kó dẹ̀, ìdá mẹ́rin yíyí kan ni lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dán an wò kí ẹ tó tún yí i.

Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì, tó ń kọ́ni ní ìbọn, Agége

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn lẹ ti ń sọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí tírígà.

Kí ẹ tó dán ohunkóhun wò: ẹ yọ mágasíìnì, àpò irin tí ọta wà nínú rẹ̀, ẹ fa irin orí ìbọn sẹ́yìn, ẹ wo inú rẹ̀, ẹ fi ìka kàn án, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Kí ọta wà ní yàrá mìíràn. Ẹ wá fi ìbọn sínú àkọ̀, ẹ fi ìka tẹ àkọ̀ láti òde níbi tírígà. Bí tírígà bá mira, àkọ̀ náà kò yẹ. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbọ̀n ọ́n: ìbọn kò gbọdọ̀ jábọ́. Ẹ so ó mọ́ ìbàdí, ẹ fa ìbọn yọ nígbà 20. Bí àkọ̀ bá bá a jáde lẹ́ẹ̀kan péré, kílíìpù rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀.

Àkọ̀ náílọ́ọ̀nù gbogboǹṣe, tí wọ́n ní ó gba ìbọn mẹ́wàá, kò gba ọ̀kan dáadáa. Ẹnu rẹ̀ ń pa dé, ẹ ó wá máa fi ẹnu ìbọn wá ọ̀nà, tí ẹ ó sì máa na ìbọn sí ara yín. Àkọ̀ awọ tó ti gbó tún léwu jù: ẹnu rẹ̀ á rọ̀, á ká wọ inú, ìká yẹn á bọ́ sáàárín irin tó yí tírígà ká. Bí ẹni náà bá ti ti ìbọn wọlé, awọ ló fa tírígà yẹn, kì í ṣe ìka. Etí síńgílẹ́ẹ̀tì àti okùn ṣòkòtò lè ṣe ohun kan náà. Torí náà dídá ìbọn padà sínú àkọ̀ kò fẹ́ ìkánjú. Ìka á wà lóde, ọwọ́ òsì á ká aṣọ sókè, ojú á wo ẹnu àkọ̀, ìbọn á wá wọlé pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ń gbé e sí aago 1, ó sàn kó tú àkọ̀ kúrò lára, kó fi ìbọn sí i, kó tó so ó padà.

Ẹni tó ń ki ìbọn bọ ìbàdí ṣòkòtò lásán láìní àkọ̀, èmi kì í bá a jiyàn. Mo máa ń gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má yọ ìbọn, ẹ má fi kọ́ ìkọ́ ara ilẹ̀kùn. Kó wà nínú àkọ̀ rẹ̀, nínú ṣòkòtò tó wà láàárín ẹsẹ̀ yín, kí ẹ máa wò ó.

Ẹ̀ṣọ́ mọ́fútì, Ìkòyí

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ pẹ́ fún wa. Oníṣẹ́ awọ, ìbéèrè kan ló kù: òógùn. Lóṣù Ẹrẹ̀nà, síńgílẹ́ẹ̀tì méjì kò tó.

Oníṣẹ́ awọ, Mushin

Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú kan tó gùn dé ìdí sàn ju méjì lọ, kí ẹ fi sínú ṣòkòtò dáadáa. Tí ẹ bá délé, ẹ yọ ìbọn, ẹ tì í mọ́ ibi tí ọmọdé kò lè dé, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú àkọ̀, ẹ gbé e kọ́ síwájú fáànù di òwúrọ̀. Ìbọn kò gbọdọ̀ sùn nínú àkọ̀ awọ tó tutù, ìpẹtà á yọ lára rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀, kó ní àkọ̀ méjì tó dọ́gba, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tí èkejì wà lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ fi ìka méjì fún ẹnu àkọ̀ òfìfo náà pọ̀ kí ẹ wá jù ú sílẹ̀. Bí kò bá là padà lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e padà wá fún mi.